Dísìkì méjì tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan: Ó ń yára o, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ fi dógò

Lọ́jọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, tí wọ́n gbé adé lé Ọba Rashidi Ládọjà lórí ní gbọ̀ngàn Mápó, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló wà lórí òkè náà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ 12, oṣù keje, ọdún 2024, nígbà tí Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn gba adé tirẹ̀ níbẹ̀, àti lọ́jọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 2022, nígbà ti Ọba Lékan Balógun. Láàárín ọdún mẹ́rin, ìwúyè mẹ́ta ló wáyé lójú kan náà. Oúnjẹ dé fún àwọn tó ń ya fọ́tò àti fídíò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwúyè kì í ṣe ohun ojoojúmọ́. Òkú ṣíṣe, ìkómọjáde àti ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé ló ń bọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Bẹẹrẹ, Ọjà'ba, Bẹyẹrunka àti agbègbè wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ ọ̀hún kì í parí nígbà tí wọ́n bá ká ìbòrí àgọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Kámẹ́rà tó bá ń gba fídíò sílẹ̀ ní 100 mẹ́gábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó wọ́pọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà 4K, yóò kó 45 GB jọ ní wákàtí kan. Tí kámẹ́rà mẹ́ta bá ya òde kan fún wákàtí márùn-ún, ó ti di 675 GB nìyẹn, láìtíì ka fọ́tò mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà wá ń fà bí ìgbín, ẹni tó ń ṣe èdítìn ń jókòó wò ó, ìyá ìyàwó sì ti ń pè láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé pé iṣẹ́ òun ńkọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí ni ẹnì kan ti máa ń gba oníṣòwò nímọ̀ràn pé kó ra dísìkì méjì, kó so wọ́n pọ̀, kọ̀ǹpútà yóò máa sáré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni, ìdajì tó kù ló sì ti sọ àwọn kan di ẹni tó ń sá fún oníbàárà.

Orúkọ ohun tí wọ́n ń sọ ni RAID 0. Ẹ fojú inú wo ìwé olójú-ewé 200 tí ẹ fẹ́ kí wọ́n dà kọ kíákíá. Ẹ gbé ojú ewé kìíní fún Táíwò, ìkejì fún Kẹ́hìndé, ìkẹta fún Táíwò, ìkẹrin fún Kẹ́hìndé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi tán. Nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin yóò parí lọ́jọ́ méjì. Báyìí gan-an ni kọ̀ǹpútà ṣe ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, tó ń ju gígé kan sórí dísìkì kìíní, tó ń ju èkejì sórí ìkejì. Lórí Linux, bí ẹ kò bá sọ iye mìíràn fún un, gígé kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlóbáìtì 512. Fọ́tò tó bá tó mẹ́gábáìtì 8 yóò di gígé 16, dísìkì kọ̀ọ̀kan yóò sì gbé 8.

Wàyí o, bí ìwé tó wà lọ́wọ́ Kẹ́hìndé bá jóná, kí ni ẹ fẹ́ fi èyí tó wà lọ́wọ́ Táíwò ṣe? Gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ ní ojú ewé 7 ló parí ní ojú ewé 8. Kì í ṣe pé ìdajì ìwé ló kù, kò sí ìwé mọ́ ni. Bí dísìkì kan bá kú nínú RAID 0, kì í ṣe ìdajì iṣẹ́ yín ló lọ. Gbogbo rẹ̀ ló lọ, àti ti dísìkì tí kò ṣe nǹkan kan.

Àwọn tó dá orúkọ RAID sílẹ̀ mọ ewu yìí dáadáa. David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ti yunifásítì California ní Berkeley, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló kọ ìwé kan jáde lọ́dún 1988 pé dípò kí iléeṣẹ́ máa ra dísìkì gàgàrà kan tó wọ́n bí ojú, kí wọ́n kó àwọn dísìkì kéékèèké olówó pọ́ọ́kú jọ, kí wọ́n máa bá wọn ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Wọ́n rí i pé bí dísìkì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èyí tí yóò bàjẹ́ nínú wọn yóò ṣe máa yá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ pé ó gbọ́dọ̀ ní àfikún tí yóò dúró fún èyí tó bá kú. Lẹ́tà R tó ṣáájú orúkọ náà, àfikún yẹn ló ń tọ́ka sí. Ìpele 1 sí 5 ló wà nínú ìwé wọn. Ìpele òdo kò sí níbẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi í kún un, kò sì ní àfikún kankan. Ká kúkú sọ pé orúkọ nìkan ló bá àwọn tó kù jẹ́.

Ká ní dísìkì kan ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún láti bàjẹ́ láàárín ọdún kan. Bí ẹ bá so méjì pọ̀ ní RAID 0, díẹ̀ ló kù kí ewu pé ẹ ó pàdánù gbogbo rẹ̀ tó ìdá mẹ́wàá. Bí ẹ bá so mẹ́rin, ó ti lé ní ìdá méjìdínlógún. Ọjà tó ń yára ni ẹ rà, ìfọ̀kànbalẹ̀ sì ni ẹ fi san owó rẹ̀. Oníbàárà tó san àsansílẹ̀ lè gba owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè tún òkú bàbá rẹ̀ ṣe nítorí pé fídíò sọnù.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni dísìkì méjì tí a so pọ̀ báyìí wà fún: iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì lọ́wọ́, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ ti wà níbòmíràn. Kì í ṣe ibi ìtọ́jú nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ ibi ìtọ́jú lórí dísìkì méjì, RAID 1 ni kó béèrè fún, níbi tí dísìkì kejì ti ń kọ ohun kan náà tí ti àkọ́kọ́ kọ. Ìdajì àyè ni ẹ ó rí lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, èkejì wà láàyè.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí iṣẹ́ yín ti ń fà. Dísìkì tuntun tó ń yí, irú ńlá inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, lè ka nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 150 sí 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì tí a so pọ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìlọ́po méjì ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojúhò USB 2 àtijọ́ ni ẹ ń ki mẹ́mọ́rì káàdì bọ̀, ojúhò yẹn kò lè kọjá mẹ́gábáìtì 60 láéláé, bí ẹ tilẹ̀ so dísìkì mẹ́wàá pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà, bí fáìlì bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan, tí àwọn tó ń ṣe èdítìn ń gbà á láti orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gígábíìtì kan, 125 ni òpin wáyà náà, dísìkì kan sì tó láti kún un. Owó tí ẹ bá fi ra ìkejì nítorí ìyára, inú omi lẹ dà á sí.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹni tó ń ta dísìkì lè má rántí sọ. SSD kan ṣoṣo, irú èyí tí wáyà SATA ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, lè ka nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 500, ó sì ju dísìkì méjì tó ń yí lọ. Bí 1 TB bá tó yín fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ra SSD kan, kí ẹ sinmi. Ẹni tí àyè ńlá jẹ lógún, tí owó SSD ńlá kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tó ti ní dísìkì méjì tó dọ́gba nílẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Dísìkì tòkunbọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kò burú láti rà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú lásán rà á. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó ní Linux, kí ẹ ṣí tẹ́mínà, ìyẹn ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, kí ẹ sì tẹ èyí:

sudo smartctl -a /dev/sdb

Dísìkì fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́wọ́. Níbi tí wọ́n kọ Power_On_Hours sí, ẹ ó rí iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́ láyé rẹ̀. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan, nítorí náà èyí tó bá ń sọ 40,000 ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọdún mẹ́rin àbọ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ẹ tún wo Reallocated_Sector_Ct àti Current_Pending_Sector. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó jẹ́ òdo. Bí kò bá jẹ́ òdo, apá kan lára dísìkì náà ti ń kú nìyẹn, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí méjèèjì dọ́gba ní ìwọ̀n. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 1 TB tí èkejì jẹ́ 2 TB, Linux yóò gbà wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí kékeré bá kún, ńlá nìkan ni yóò máa dá gbé ẹrù tó kù, ìyára tí ẹ tìtorí rẹ̀ náwó yóò sì pòórá.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀ lórí Linux ni mdadm, tí Neil Brown bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lọ́dún 2001. Ọ̀fẹ́ ni. Lórí Ubuntu, àṣẹ yìí ni yóò gbé e wọlé pẹ̀lú irinṣẹ́ àyẹ̀wò tí a mẹ́nu kàn lókè:

sudo apt install mdadm smartmontools

Lẹ́yìn náà ni ibi tó léwu jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wíwò lásán ni:

lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL

Yóò to orúkọ gbogbo dísìkì tó wà nínú kọ̀ǹpútà jáde, pẹ̀lú ìwọ̀n àti nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tó ṣe é kọ sí i lára. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn wé èyí tó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ dísìkì. Ẹ má ṣe gbára lé sdb tàbí sdc nìkan, nítorí pé orúkọ wọ̀nyí lè yí padà bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà tí ẹ tún tàn án, tàbí tí ẹ ki nǹkan mìíràn bọ̀ ọ́. Àṣẹ tó tẹ̀ lé e yìí yóò pa ohun gbogbo tó wà lórí dísìkì méjèèjì rẹ́, bí ẹ bá sì tẹ orúkọ dísìkì tí iṣẹ́ ọdún tó kọjá wà lórí rẹ̀, tẹ́mínà kò mọ iṣẹ́ ọdún tó kọjá:

sudo mdadm --create /dev/md0 --level=0 --raid-devices=2 /dev/sdb /dev/sdc

Bí ó bá rí nǹkan lórí ọ̀kan nínú wọn, yóò béèrè bóyá kó máa lọ. Ẹ má tètè tẹ y. Ìbéèrè yẹn ni ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dá yín lójú, tí ó sì ti ṣe é, ẹ ṣètò ojú rẹ̀ kó lè gba fáìlì, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn fún un:

sudo mkfs.ext4 -L ISE /dev/md0
sudo mkdir /ise
sudo mount /dev/md0 /ise
sudo chown $USER /ise

Láti ìsinsìnyí lọ, ohunkóhun tí ẹ bá kó sínú /ise ti wà lórí dísìkì méjèèjì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ń dúró síbí, wọ́n á sì máa kébòòsí lọ́jọ́ kejì pé dísìkì ti sọnù. Kò sọnù. Wọn kò sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa rántí rẹ̀ ni, òun náà sì tún un sọ lórúkọ, ó ń pè é ní md127. Àṣẹ méjì yìí ni wọ́n fi ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀:

sudo mdadm --detail --scan | sudo tee -a /etc/mdadm/mdadm.conf
sudo update-initramfs -u

Kí ẹ sì ṣí fáìlì tó ń jẹ́ /etc/fstab, kí ẹ fi ìlà kan yìí kún ìsàlẹ̀ rẹ̀:

LABEL=ISE /ise ext4 defaults,nofail 0 2

Ọ̀rọ̀ nofail yẹn ṣe pàtàkì. Láìsí i, lọ́jọ́ tí dísìkì kan bá kọ̀ láti jí, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè má wọlé mọ́, ẹ ó sì máa rò pé ohun gbogbo ló bàjẹ́.

Ẹni tó ń lo Windows kò nílò mdadm. Ojú PowerShell ni wọ́n ti ń ṣe tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pe irú ètò yìí ní Simple. Orúkọ yẹn lè tan èèyàn jẹ, nítorí pé ewu kan náà ló wà nínú rẹ̀: bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ kú.

Ìtọ́jú ló kù. Ní gbogbo ìgbà, cat /proc/mdstat yóò sọ fún yín bóyá md0 wà lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi smartctl yẹn wo dísìkì kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà tó jẹ́ òdo lọ́sẹ̀ tó kọjá bá ti di 8, ẹ má ṣe dúró wò ó bóyá yóò di 16. Ẹ kó iṣẹ́ kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ti iná mànàmáná kò ṣeé fò. NEPA di PHCN lọ́dún 2005, iṣẹ́ pínpín iná sì bọ́ sọ́wọ́ IBEDC lọ́dún 2013, ṣùgbọ́n bí iná ṣe ń lọ lójijì kò ní orúkọ tuntun. Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan lọ́wọ́, fáìlì tó ń kọ lè má pé. Ẹ fi UPS sáàárín, kódà bí ẹ bá ní jẹnẹrétọ̀, nítorí pé ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀ ni UPS wà fún. Kí bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí tó kàn ń ké.

Ẹ̀dà wá ni ọba gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni pé owó dísìkì mẹ́ta ni kí ẹ fi ṣètò, kì í ṣe méjì. Ẹ̀kẹta yóò máa wà níta, ẹ ó sì máa da iṣẹ́ kọ sórí rẹ̀ ní alaalẹ́:

rsync -av --progress /ise/ /media/eda/

Ẹ fi orúkọ ibi tí dísìkì tiyín wà rọ́pò /media/eda, kí ẹ sì rí i pé ẹ ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lóòótọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá yí padà tàbí tó jẹ́ tuntun nìkan ni rsync máa ń gbé, nítorí náà alẹ́ àkọ́kọ́ ló ń pẹ́. Àwọn kan máa ń fi --delete kún un kí ẹ̀dà lè bá ojúlówó dọ́gba. Ẹ yẹra fún un, torí bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣèèṣì pa fáìlì kan rẹ́ lọ́sàn-án, ẹ̀dà náà yóò pa á rẹ́ lálẹ́. Ẹ má sì ṣe nu mẹ́mọ́rì káàdì títí ohun tó wà lórí rẹ̀ yóò fi wà níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí dísìkì ẹ̀dà náà bá yín lọ sílé lálẹ́. Kò sí ará Ìbàdàn tó dàgbà tó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé èyí fún. Lọ́jọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, tí Ògùnpa kún, àti lọ́jọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, tí àgbàrá tún ya wọ ọ̀pọ̀ àdúgbò, omi kò béèrè èwo ni ojúlówó, èwo ni ẹ̀dà. Ohun tó bá wà nínú ilé kan náà ló jọ ń gbé lọ. Olè àti iná kò yàtọ̀.

Bí ọjọ́ ọ̀hún bá wá dé, tí /ise kò ṣí mọ́, ẹ má tẹ --create lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má sì tún ojú dísìkì ṣètò. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà dísìkì méjèèjì, kí ẹ tún un kì dáadáa, torí wáyà tó yẹ̀ lásán ló máa ń jẹ́ nígbà mìíràn. Ẹ tàn án padà, kí ẹ tẹ:

sudo mdadm --assemble --scan

Bí dísìkì kan bá ti kú lóòótọ́, àwọn tó ń gba fáìlì padà láti inú dísìkì tó bàjẹ́ wà, ṣùgbọ́n owó wọn kì í kéré, wọn kì í sì í ṣe ìlérí. Fún RAID 0, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ti dísìkì tó kú gbà kí ti èyí tó wà láàyè tó lè wúlò. Ẹni tó ti ní ẹ̀dà kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Yóò ra dísìkì kan, yóò tún méjèèjì so pọ̀ bó ṣe so ó ní àkọ́kọ́, yóò wá yí àṣẹ alaalẹ́ yẹn padà, kí ẹ̀dà máa bọ̀ wálé:

rsync -av --progress /media/eda/ /ise/

Bí ojúhò rẹ̀ bá jẹ́ USB 3, tí dísìkì ẹ̀dà sì ń ka mẹ́gábáìtì 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 675 GB ti òde ọjọ́ Sátidé yóò padà dé láàárín nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀, ìyá ìyàwó kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.